Ẹni Tó Ń Gbọ́n Omi

Òru ni pajápajá ń wá bá bàbá mi.
Kì í kan ilẹ̀kùn.
Á di iṣan ẹsẹ̀ òsì mú bí ẹni ń fún okùn ìdákọ̀ró,
bàbá á sì pariwo orúkọ ìyá rẹ̀
tó ti kú kí n tó dé ayé.
Sàbítù Agbẹ́kọ̀:
ọwọ́ tó gbẹ́ ọkọ̀ mọ́kànlélógójì létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́
kò lè tú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Gánì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé ìgò náà ti Ìdúmọ̀tà dé,
oògùn inú rẹ̀ tóbi bí èékánná àtàǹpàkò.
“Magnísíọ̀mù ni, Bàbá.
Gbogbo àrùn ara ló ń lé.”
Èyí tó ń lé gbogbo àrùn,
ṣé kò ní lé onílé mọ́ wọn?

Ọ̀kan ni wọ́n kọ sára ìgò. Bàbá mi lo méjì.
Lọ́jọ́ kẹta ó lo mẹ́rin,
torí ẹni tó ń kan ọkọ̀ mọ̀ pé
ìṣó kan kì í mú pákó dúró.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́
tó ti sáré dé ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹfà,
kẹ́tùlù lọ́wọ́,
pajápajá ń tẹ̀lé e lọ, ó ń tẹ̀lé e bọ̀.

Mo mú un lọ bá Ráfátù apòògùn ní Aiyétòrò.
Ó da oògùn kan sí àtẹ́lẹwọ́,
ó wò ó bí ẹni ń wo ojú ẹja bóyá ó ti bàjẹ́.
“Oògùn gidi ni,” ó ní.
“Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dí, á bá a ṣí ọ̀nà;
ẹni tí àyà ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, á bá a pa iná díẹ̀.
Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í wọ ẹ̀jẹ̀,
inú ìfun ló ń gbà kọjá, ó ń fa omi tẹ̀lé ara rẹ̀.
Ohun tó lé yín dé ẹ̀yìnkùlé nìyẹn.
Ti pajápajá àgbà, wọ́n ti dán an wò:
kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ẹfun mì.
Kí lẹ tún ń lò?”

Kápúsù pupa òun yẹ́lò,
fún egbò ibi tí àáké ti ṣá a.
“Ẹ ò gbọdọ̀ gbé wọn mì pọ̀!
Ìkan á di ìkejì lọ́wọ́ mú nínú ikùn,
egbò á sì máa wò yín níran.
Kíndìnrín yín ńkọ́?”

Ta ló ti rí kíndìnrín ara rẹ̀ rí?

Ó wá sọ ọ́ bí agbẹ́kọ̀ yóò ṣe gbọ́:
“Òun lẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ tó ń gbọ́n omi.
Tí ara rẹ̀ bá le, ẹ bu díẹ̀ sí i, á gbọ́n ọn.
Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí ẹ ò mọ̀, tí ẹ sì ń bu sí i,
ọkọ̀ ò ní pariwo.
Oorun ni yóò kọ́kọ́ wá, ara á rọ,
mímí á falẹ̀,
ọkàn á máa ronú kó tó lù.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́sibítù ìjọba.
Ọjọ́ Jímọ̀ ni èsì jáde:
agbọ́nmi kò tíì sùn,
ṣùgbọ́n ó ti ń tòògbé.
Dókítà gba oògùn, ó dá ìgò padà.

Ìṣó ọkọ̀ ni bàbá mi kó sí i báyìí.
Ó mì í létí mi:
“Gbọ́, oògùn tó ń lé gbogbo àrùn.”

Pajápajá ò gbọ́. Ó tún dé lálẹ́ àná.
Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá lé àyà mi,
gìgísẹ̀ tó le bí pákó ìrókò,
mo rọra ti ọmọ ìka sókè, sí ọ̀nà orúnkún,
títí iṣan fi tú,
títí a fi ń gbọ́ ọ̀sà,
tí ẹnìkan ń gbọ́n omi níbẹ̀ nínú òkùnkùn,
igbá ń wọlé,
igbá ń jáde.